Fọ́tò Tí Àbúrò Mi Yà ní Marine Beach

"Ẹ má mí," ni bàbá onífọ́tò sọ, èmi àti àbúrò mi obìnrin sì sé èémí. A lúgọ sẹ́yìn ọkọ̀ apẹja kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé létí omi ní Marine Beach. Ẹrẹ̀ ti mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀, òórùn ẹja àti ọ̀dà gbalẹ̀ kan. Lékeléke bí ogún dúró níwájú wa níbi tí omi ti fà. Bàbá bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn, wọ́n sì fi kọ́ àbúrò mi lọ́rùn.

Àbúrò mi o, ọmọ ọdún méje. Èmi tí mo gbé àpò wọn láti Ajégúnlẹ̀, tí mo ti ń gbá ṣọ́ọ̀bù wọn láti ìgbà tí ogun abẹ́lé parí, wọn ò fi kámẹ́rà kọ́ mi lọ́rùn rí. Ayálégbé bíi tiwa ni Bàbá, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọn jáde láàárọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju òórùn àkàrà lọ. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ìyàwó àti akọ̀wé ni wọ́n ń yà. Tó bá di Sátidé, wọ́n á ní ẹyẹ ló kàn, torí ẹyẹ kì í ní kí èèyàn dúró kóun kọ́kọ́ wá táì òun.

Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀: "Baba, na ordinary leke-leke you dey snap so?"

"Him fine pass you," Bàbá dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Fíìmù náà kò gbà ju fọ́tò méjìlá lọ, mọ́kànlá sì ti lọ. "Èyí tó kù, àbúrò ẹ ló máa yà á," Bàbá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Ìwọ, ẹnu ẹ kì í sinmi."

Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí. Owú jẹ mí débi pé etí mi gbóná. Mo wo ìka kékeré náà lórí bọ́tìnnì, mo bá dìde fùú. Mò ń ju ìka sókè, mò ń ké pe lékeléke bí àwa ọmọdé ṣe máa ń pè wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba orí àwọn ọkọ̀ òkun Àpápá lọ.

Bàbá ò nà mí. Wọ́n wò mí títí. "Ẹyẹ kan ṣì kù," wọ́n sọ fún àbúrò mi. "Yà á." Ó kọjú kámẹ́rà sí mi, mo sì gbọ́ tó dún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá kẹ́rù padà sí ìlú wọn. Nídìí lọ́rì, wọ́n fi àpòòwé kan lé mi lọ́wọ́. "Fún àbúrò ẹ. Sọ fún un pé ọwọ́ ẹ̀ dáa." Mo lọ ṣí i lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọwọ́ lókè, ojú mi le koko. Fọ́tò náà mọ́ kedere. Ẹni tó bá rí i á rò pé kámẹ́rà ni mo ń wò, ṣùgbọ́n àbúrò mi ni mo ń wò.

Nígbà tó bi mí bóyá Bàbá fi fọ́tò òun sílẹ̀, mo ní fíìmù ti jó. "Ọwọ́ mi ò dáa nìyẹn," ó ní, ó sì ń bá abọ́ tó ń fọ̀ lọ. Kò béèrè mọ́, kò sì fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́ títí dòní.

Àwa méjèèjì ti ní ọmọọmọ báyìí. Inú Bíbélì mi ni fọ́tò náà wà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú Bíbélì náà kó lè bá mi ṣí ibi tí wọ́n ń kà. Mo yára gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní ojú mi ṣì ń ríran. Bàbá ti kú tipẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mi ò tíì jẹ́ ẹ.