Ẹkùn Ìdìbò Ọ̀nà Ìkòyí-Ilé

Ọkọ̀ tó ń polongo ìbò kọjá lẹ́bàá ilé mi ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ yìí. Ọmọkùnrin tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ń to orúkọ àwọn abúlé ẹkùn ìdìbò wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dárúkọ tiwa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ ohun tó ṣe mí. Mo jókòó, mo sunkún.

Abúlé kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ́nà Ìkòyí-Ilé ni ẹkùn náà. Lápá òkè, àwọn Aláàdúrà ló pọ̀ jù, awakọ̀ àti kápẹ́ńtà. Nísàlẹ̀ odò lọ́dọ̀ tiwa, mùsùlùmí ni wá, iṣu àti ẹ̀gẹ́ là ń gbìn. A máa ń jẹ ẹran Kérésì tí wọ́n bá gbé tilé bọ̀, wọn a jẹ ti Iléyá wa, ẹni tí ẹran rẹ̀ bá sì kéré á bínú títí di ọdún mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, oníkálukú a tilẹ̀kùn, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ nilé wa, bí òrùlé rẹ̀ tilẹ̀ ń jò.

Odò ló pààlà sáàárín abúlé wa àti ilé ìwé. Èmi àti Ràbí, ọ̀rẹ́ mi, la jọ ń gbé yúnífọ́ọ̀mù lérí sọdá. Ẹnu Ràbí mú bí abẹ. Bí ẹ̀rù omi bá ń bà mí, á ní, "Ṣé kí n pọ̀n ẹ́ ni, màmá àgbà?"

Nígbà tí àwọn sójà ní àwọn fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, àwọn tó ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀ dé abúlé wa. Ọ̀gá wọn ní ibi tí olùdìbò bá pọ̀ sí ni afárá yóò kọ́kọ́ dé. Bàbá Lámídì, bàbá àgbà Ràbí, tó jẹ́ olórí wa, rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n oko lẹ bá wa yìí. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Bí a bá délé, a ó forúkọ sílẹ̀ nílé."

Gbogbo abúlé ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn Aláàdúrà náà sọ bẹ́ẹ̀ lókè. Nígbà tí a délé fún Iléyá, àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ ládùúgbò ní oko là ń gbé, ká padà sóko. Ká tó padà, wọ́n ti palẹ̀ mọ́. A ò sí nílé, a ò sí lóko. Afárá gba ibòmíràn lọ.

Òjò ọdún kejì pọ̀ púpọ̀. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan, Ràbí nìkan ló lọ sí ilé ìwé. Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀, nídìí oparun. Háà! Ikú ṣe wá níkà!

Àwọn ẹbí ní ká gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ká sin ín sílé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Bàbá Lámídì kọ̀. Fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ahéré, ó ń sọ léraléra pé, "Ibí nilé. Ibí nilé." Láti ọjọ́ náà, kò bá wa lọ sílé fún ọdún mọ́.

Igbó tí a mọ̀ ní Under G ti di ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Abúlé wa ṣì ń tilẹ̀kùn lọ sílé bí Iléyá bá dé. Afárá ò tíì débẹ̀ títí dòní, kò sì jọ pé ojú mi yóò rí i.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ikú Ràbí, àwọn aforúkọsílẹ̀ tún padà wá. Wọ́n ní kí olórí abúlé kọ́kọ́ wá forúkọ sílẹ̀. A mú wọn lọ sẹ́yìn ahéré, a fi sàréè rẹ̀ hàn wọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ràbí.