Ògiri Tí A Fá Sílẹ̀ ní Bódìjà

Ọkọ mi ló ń kun ilé; èmi ni mo ń fi ẹnu wá ilé tí yóò kùn. Bí a ṣe pín iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí Bàbá Tóbi kì í sọ̀rọ̀. Ẹ bá a lórí àkàbà, ẹ kí i, á mi orí. Èmi ni mo ń gbé àwòrán ilé tó ti kùn sórí Wasáàpù, èmi náà ni mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè pé, "Ẹ má ṣèyọnu, à ń bọ̀."

Màmá Bódìjà ni oníbàárà wa àkọ́kọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Pálọ̀ wọn nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká kùn. Nígbà tí ọkọ mi parí, wọ́n fọwọ́ ra ara ògiri láti igun dé igun bí ẹni ń yẹ ìwé ọmọléèwé wò, wọ́n ní, "Ó gba máàkì." Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ròyìn wa fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọdún tó yí po, láti Mọ́kọ́lá dé Ṣálẹ́ńjì, fóònù mi ò sinmi mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Mi ò lè sọ fún èèyàn pé kó dúró. Ẹ̀rù ń bà mí pé á gba ọ̀dọ̀ péńtà mìíràn lọ. Mo bá kọ́ ọgbọ́n àwọn télọ̀. Ṣebí bí télọ̀ bá ti gé aṣọ yín, ẹ ò lè gbà á lọ síbòmíràn mọ́? Mo ní kí ọkọ mi máa lọ fá ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri wọn sílẹ̀. Bí ilé bá ti rí pálapàla bẹ́ẹ̀, tipátipá ni wọn á dúró dè wá. Bàbá Tóbi ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kó gbájú mọ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Nígbà tí Kérésì ń sún mọ́lé, a ti fá ilé márùn-ún sílẹ̀, ti Màmá Bódìjà sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin kan ṣoṣo ń bọ̀ láti òkè òkun pẹ̀lú ìyàwó tí wọn ò tíì fojú rí. Wọ́n fẹ́ kí ìyàwó bá ilé tó mọ́, wọ́n ní ká tún gbogbo rẹ̀ kùn, àti pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, mo ń sún tiwọn síwájú. Àwọn tó ń pariwo ni mo ń dá lóhùn. Mo ní tiwa ni Màmá, wọn ò ní bínú. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọkùnrin kan wá pè láti Oníreké, ó ní òun fẹ́ rí iṣẹ́ wa kí òun tó gbé ilé òun fún wa. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́! Mo ní kó lọ wo ilé Màmá ní Bódìjà. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí èèyàn lọ wò, ó ti mọ́ mi lára. Ẹ̀fọ́ ni mo ń já lọ́wọ́ nígbà tí mo rántí pé a ti fá ilé náà. Mo pè é padà kíá, àmọ́ ó ti débẹ̀.

Ó ní òun bá ògiri tó ti bó káàkiri, òun sì bi Màmá bóyá àwọn tó ṣe é tiẹ̀ mọṣẹ́. Mo béèrè ohun tí wọ́n sọ.

"Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ò lábùkù. Ìyàwó ni kò tíì mọ bí a ṣe ń sọ fún èèyàn pé kó dúró."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, mo sunkún. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Mo pe oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà, mo jẹ́wọ́, mo sì dá ọjọ́ tòótọ́ fún wọn. Méjì ṣépè fún mi, wọ́n bá tiwọn lọ. Ilé Màmá ni ọkọ mi kọ́kọ́ mú. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọmọ wọn dé nígbà tí ọkọ mi parí, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi ọ̀dà tútù ba aṣọ mi jẹ́.

Láti ìgbà náà, ìwé ni mo ń kọ orúkọ sí, a kì í sì í fá ògiri tí a ò ní kùn lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkùnrin Oníreké yẹn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko.

Lóṣù tó kọjá, Màmá pè. Ìyàwó ọmọ wọn ti bímọ, òun àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé, Màmá sì fẹ́ kí á wá kun yàrá kan fún wọn lọ́la. "À ń bọ̀" ti dé orí ahọ́n mi. Mo ṣí ìwé mi wò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i."



"Ìyá Tóbi," wọ́n ní, "o gba máàkì."