Ọjọ́ tí Bàbá Olórin Wọ Rélùwéè Lọ sí Padova

Ọdún kejì tí mo dé Torino, ní ilẹ̀ Ítálì, ni mo rí iṣẹ́ badante, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nínú ilé. Ará Ṣáínà ni bàbá tí mo ń tọ́jú. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ọkàn wọn ò sì lágbára mọ́. Ọmọ wọn obìnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ló gbà mí síṣẹ́. Ẹgbẹ́ mi ni. Ó kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé bàbá ò gbọdọ̀ dá jáde.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé olórin ni bàbá. Wọ́n máa ń kọ orin sílẹ̀ sínú ìwé kí àwọn ẹlòmíì tó fi ohùn kọ ọ́, orin ìlú wọn sì ni gbogbo rẹ̀: orin àwọn tó ń la ọ̀nà, orin odò abúlé wọn, orin tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ láràárọ̀. Wọ́n sọ fún mi ní èdè Ítálì pé nígbà ogun, ìyá àwọn a máa kọrin sí àwọn létí nínú ihò tí wọ́n sá sí, kí àwọn má baà gbọ́ ìró ìbọn. "Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orin lè gbé ìlú ró." Gbogbo ọdún tí wọ́n lò ní Ítálì, wọn ò gbà láti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti Padova, ìlú kan tó jìnnà sí Torino. Ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé Ṣáínà kan níbẹ̀ fẹ́ kọ orin odò náà, wọ́n ní kí bàbá wá. Ọmọ wọn kọ̀. Dókítà ti ní kò sí ìrìn àjò. Àwọn méjèèjì bá ara wọn jà nígbà tí wọ́n ń jẹun. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ìjà ò nílò ògbufọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ orin náà pé, ọmọ wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá sì yíjú sí mi.

"Mú mi lọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi." Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ fi tún ìwé soggiorno mi ṣe, ìwé tó fún mi láṣẹ láti máa gbé níbẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ní òògùn àwọn ti ń tán. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra á. Nígbà tí mo padà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí kóòtù, kò sí ọ̀pá ìtilẹ̀.

Mo sáré. Porta Susa, ibùdókọ̀ rélùwéè, ni mo ti bá wọn, ẹsẹ̀ kan ti wọ inú rélùwéè.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Fà mí kí n ṣubú, tàbí kí o bá mi lọ."

Mo wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn mi. Mo pe ọmọ wọn lórí fóònù. Ó ní, "Mò ń wa mọ́tò bọ̀. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, ìwọ ni màá mú."

A pààrọ̀ ọkọ̀ ní Milano. Nígbà tí a sún mọ́ Brescia, ojú bàbá funfun, òógùn bò wọ́n, wọ́n gbá àyà mú. Mo fún wọn ní òògùn. Mo fẹ́ dìde lọ pe òṣìṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Bí wọ́n bá sọ̀ mí kalẹ̀ níbí, ibí ni màá kú sí."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. N kò ṣe é. Mo jókòó, mo ń ka èémí wọn. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá àánú ni àbí ìbẹ̀rù. Kí a tó dé Verona, èémí wọn ti padà sípò.

Àwọn ọmọ náà ti ń kọrin nígbà tí a wọ gbọ̀ngàn wọn ní Padova. Bàbá tẹ́tí, ojú wọn yí padà. Wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Olùkọ́ orin, ọ̀dọ́bìnrin kan, ṣàlàyé fún mi ní èdè Ítálì pé òun yọ ẹsẹ tó dárúkọ ilẹ̀ baba wọn kúrò, nítorí ibí ni wọ́n bí àwọn ọmọ náà sí.

Bàbá bi ọmọbìnrin kékeré kan tó wà níwájú léèrè. Olùkọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Níbo ni ìlú rẹ?"

"Padova."

Bàbá fi ara ti ọ̀pá wọn. Mo sún mọ́ wọn kí wọ́n má baà ṣubú. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn rọlẹ̀, olùkọ́ sì túmọ̀ rẹ̀.

"Kọ tèmi fún mi lónìí. Bí o bá dàgbà, kí o lọ kọ tìrẹ sílẹ̀."

Bàbá wá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ẹsẹ tí olùkọ́ yọ, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíì, títí wọ́n fi kọ ọ́ já. Ọmọ bàbá wọlé bá wa lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí orin fi parí.

Inú mọ́tò ló ti sọ fún mi pé kí n má wá síṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Bàbá gbọ́. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, ìyẹn sì dùn mí ju iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ.

Mo ti rí iṣẹ́ míì ní ilé ìkẹ́rù-sí nígbà tí ọmọ bàbá pè mí. Bàbá ti kú, lójú oorun. Ó ní kí n sọ ohun tí bàbá sọ nínú rélùwéè fún òun. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ti Brescia, pé n kò pe ẹnikẹ́ni.

"Èmi ì bá ti pe òṣìṣẹ́ ọkọ̀," ló sọ. "Bàbá ì bá má dé Padova." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.