Alùpùpù Bàbá Ọkọ Mi

Lọ́dún tí ìjọba ológun dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ká páànù kúrò lórí alùpùpù bàbá rẹ̀, ó ní òun máa jí i dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n tì í sí láti ọjọ́ tí bàbá ti ṣubú lórí rẹ̀ lọ́nà Awo, tí wọ́n sì gbé òkú wọn wálé. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá, àmọ́ ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Gbogbo ìlú ló ń fún ṣòkòtò mọ́ ìdí nígbà náà, gàrí ni mo sì fi ń tan ebi àwọn ọmọ mi. Ọkọ mi ní bí alùpùpù yẹn bá lè dún lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á máa fi gbé èrò láti Ẹdẹ lọ sí Sẹkọ́nà, àwọn ọmọ ò sì ní kúrò nílé ìwé.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa, kò ní kó má ṣe é. Wọ́n kàn ń gbé àpótí wọn wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wò ó. Wíwò yẹn ń bà mí lẹ́rù. Àgbà tó máa ń dá sí bí mo ṣe ń ro ọkà wá dákẹ́ bí ẹni tó pọn omi sẹ́nu.

Ìpáàrà ti jẹ alùpùpù náà kọjá sísọ. Ṣéènì ti gan, àwọn nọ́ọ̀tì ò ṣeé yí. Sípánà yọ̀ lórí àkọ́kọ́, ó bó ọkọ mi lọ́wọ́. Apá wa ò ká irin tuntun, nítorí náà ohun tó bá kán ti kán nìyẹn. Ó po epo òyìnbó mọ́ ògbólógbòó ọ́ìlì, ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kán an sídìí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, a ó fi àkísà dì í, a ó fi sílẹ̀ kó mu ún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á rọra fi òòlù kan orí rẹ̀, á yí i síwájú díẹ̀, á yí i sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, bóòtù tí nọ́ọ̀tì ń dè mọ́ á já sínú irin. Ọkọ mi, tí kì í lè dúró kí ọbẹ̀ jinná, wá di onísùúrù.

Pọ́lọ́ọ̀gì, irin kékeré tó ń tanná lórí ẹ́ńjìnnì, nìkan ni kò bá a jà. Ó fi sípánà kàn án báyìí, ó tú wẹ́rẹ́. Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó. Nínú gbogbo irin tó ti gan mọ́ra wọn yìí, ta ló ṣí ẹyọ kan yìí láìpẹ́?

Nígbà tó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó rí ohun funfun kan tó dì mọ́ inú ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀. Písítìn fúnra rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pinpin. Ó fi èékánná họ nǹkan funfun náà, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Iyọ̀ ni," ó wí. "Ẹnì kan da omi iyọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì bàbá mi."

Òjò kì í rọ iyọ̀, òjò ò sì ní ìkùnsínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bu iyọ̀ sómi, tó ṣí pọ́lọ́ọ̀gì, tó dà á sínú, tó tún dé e padà, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti yí pa dà. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé," lohun tí ọkọ mi ń wí ṣáá. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ti jà rí lórí ilẹ̀ oko, ni ọkàn rẹ̀ lọ bá. Kò dọ̀bálẹ̀ kí wọn mọ́. Bàbá náà á dúró lójúde, wọ́n á máa retí ìkíni, ọkọ mi á gba iwájú wọn kọjá bí ẹni tí kò rí èèyàn. Ní agboolé tiwa, ogun ni ìyẹn. Èmi náà ò jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun níbẹ̀ mọ́, kódà iyọ̀ tí mo fẹ́ fi sọ́bẹ̀, tìfura-tìfura ni mo fi ń wò ó.

Ọkọ mi ò dúró. Ó ń gbé irin náà ka iná èédú títí itọ́ fi ń hó lára rẹ̀, á da epo sí i, á fi igi lé písítìn lórí, á sì máa lù ú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, písítìn ké kíì, ó sún. Ó yẹ kí inú wa dùn. Ọkọ mi dìde tòun ti òòlù lọ́wọ́, ó kọjú sí ilé àbúrò bàbá rẹ̀.

"Màá bi wọ́n lónìí."

Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ya mọ́ mi lọ́wọ́.

"Má dé ibẹ̀." Ìyá ló sọ̀rọ̀. Wọn ò dìde lórí àpótí. "Èmi ni mo dà á."

"Màámi, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Sátidé Sátidé ni bàbá rẹ ń ṣí nǹkan kékeré yẹn lójú mi, tó ń nù ún. Mo mọ̀ ọ́n ṣí. Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n máa dá àwọn tíṣà dúró, mo ti mọ ibi tí ojú rẹ máa lọ. Mo ti fi ọkùnrin kan fún irin yẹn, ọmọ mi. Mi ò ní òmíràn tí màá fún un."

Inú bí mi gan-an. Ó ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ ká jẹ. Ọkọ mi ju òòlù sílẹ̀, ó rìn dé ojúde àbúrò bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá náà fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n ní kó dìde. Nígbà tó pa dà dé, ó jókòó ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ, kò sì wo ojú ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí alùpùpù náà dún, èéfín bo ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi ti gùn ún kí ìyá tó jáde síta. Wọ́n wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n gbá ìró mọ́dìí, wọ́n gun alùpùpù lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí ìwọ náà bá ń lọ." Wọ́n di ìbàdí rẹ̀ mú. "Wà á. Bí irin yìí bá tún fẹ́ mú ẹnì kan, èmi ni kó kọ́kọ́ bá."

Ọkọ mi wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ ìyá òun kalẹ̀. Mi ò sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní sáré.