Ọmọ Tí Kò Mọ Ohùn Jẹ́jẹ́

Nígbà tí mo lọ gba àkọ́bí mi padà lọ́wọ́ ìyá mi ní Ìyìn, ọmọ náà kò mọ̀ pé ènìyàn lè sọ̀rọ̀ kí gbogbo àdúgbò má gbọ́. Etí ìyá mi ti di. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí wà títí ó fi tó ilé ìwé lọ, nígbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sí ohun tí ó lè tọrọ lọ́wọ́ ìyá àgbà láìpariwo. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, á ké. Oorun ń kùn ún, á ké.

Yàrá kan ni èmi, bàbá rẹ̀ àti òun ń gbé ní Adó, lẹ́yìn oríta Fájuyì. Mo máa ń ti ẹnu iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, orí mi á máa dún bí ẹ̀rọ ata.

"Màmá! Ẹ ti dé ulé!"

"Dákẹ́."

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mi nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́, àwọn ará ilé náà ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, fadá gbé Ara Olúwa sókè, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́, ọmọ mi bá ké pé, "Ṣé wọn ó fún mi níbẹ̀ jẹ?" Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ lójú ọ̀nà. Àfi bí obìnrin náà ṣe ní, "Màmá, ṣé ọmọ yín ń sọ̀rọ̀ nílé? Kò lanu rí ní kíláàsì mi."

Mo jókòó sórí àga ọmọdé tí ó wà níbẹ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè sunkún. Ọmọ ti mọ ìdákẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé e sórí itan, mo ní kí ó sọ ohun tí ó jẹ ní ilé ìwé fún mi létí. Mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí ó tún un sọ kí n gbọ́. Mo wá lọ sídìí kànga tó wà nínú àgbàlá.

"Ó yá, ké sí mi."

Ó ń wo ojú mi. "Màmá, ṣé kí n pariwo?"

"Pariwo. Èmi ni mo ní kí o pariwo."

Ó figbe ta. Onílé yọjú lójú fèrèsé, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ láti ìdí kànga.

Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é nígbàkúùgbà tí ojú mi bá dá. Nígbà mìíràn oorun á gbé mi lọ láàárín eré náà, òun fúnra rẹ̀ á sì sún mọ́ mi, á máa bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Nígbà tí ó dáhùn, tíṣà ní ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ fọwọ́ di etí. Ẹ̀rín ni ó fi sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo gba ẹnu iṣẹ́ lọ.