Òkú Ló Ń San Owó Orí Ilẹ̀ Tulloch

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Verlene Tulloch rí ìwé tí wọ́n kàn mọ́ òpó géètì rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orville, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Kingston, olú ìlú, ti bẹ ìjọba pé kí wọ́n fi orúkọ òun nìkan sórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní àtakò gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ilẹ̀ kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Verlene ti lò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, ní ìdí igi àgbọn. Sàréè bàbá rẹ̀, Eustace, ń bẹ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ilẹ̀ ẹbí ni, ti gbogbo ọmọ Eustace àti ọmọ ọmọ wọn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé kí onílẹ̀ wá fi orúkọ sílẹ̀, Verlene ló kọ́kọ́ lé wọn. Ó ní olè ní ń sáré kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́ fún un. Títí dòní, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní ìwé ilẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bẹ Bàbá Clifton, aládùúgbò rẹ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún, pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí òun. 

"Kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ọ́fíìsì ìjọba?" ni Bàbá Clifton wí. "Bí wọ́n bá ní ìwé ilẹ̀ tèmi dà ńkọ́?"

"Wọn ò ní bi yín."

"Wọn ò kúkú bi ìwọ náà. Wọ́n kàn kàn án mọ́ géètì ẹ ni."

"Bí Orville bá rí tèmi tà, ṣé ẹ mọ irú ẹni tí ẹ máa bá pààlà?"

 Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Clifton wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì tú àwọn rìsíìtì owó orí ilẹ̀ tí Verlene kó wá. "Mà, ta ni Eustace Tulloch?"

"Bàbá mi ni."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti kú, lọ́dún tí ìjì líle Gilbert jà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún."

Ọmọbìnrin náà gbé rìsíìtì ọdún yìí sókè. "Òkú ló wá san eléyìí?"

Bàbá Clifton rẹ́rìn-ín. Verlene kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń san án láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n orúkọ òkú ló ń dá fún akọ̀wé tó ń gba owó orí, bí gbogbo abúlé ti ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fẹ́ jí ilẹ̀ gbé. Lójú òfin, kò tíì san kọ́bọ̀ rí.

"Ó ṣì ṣeé ṣe," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ búra pé ẹ̀yin lẹ ń gbébẹ̀, kí bàbá yìí náà búra. Yàtọ̀ sí Orville tó kọ̀wé, ta ló tún ní ìpín níbẹ̀? Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, a sì ń tilẹ̀kùn lágogo méjìlá."

Agogo mọ́kànlá ti kọjá. Pearl, àbúrò Verlene, ti kú sí ìlú Òyìnbó, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo Kérésìmesì ni wọ́n ń pè láti béèrè bóyá yàrá ìyá wọn ṣì wà.

Verlene wo agogo ara ògiri.

"Kò sí ẹlòmíràn," ló wí. "Èmi nìkan ni."

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bàbá Clifton ti pọn Pearl sọdá odò rí. Ó wo Verlene, ó wo ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, ó sì fọwọ́ síwèé.

Lórí àtẹ̀gùn ìta, ó dúró. "Verlene, àwọn ọmọ Pearl ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá. Mọ́tò á fi wá sílẹ̀."