Bí Mo Ṣe Di Alátùnṣe Àwọ̀n ní Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Bàbá Jeremáyà bi mí ni pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní ìyẹn náà dáa, pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í bá èèyàn jiyàn. Wọ́n ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi, mo jókòó.

Abẹ́ àtíbàbà kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Ọjà Olúwo. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n. Bí àwọ̀n apẹja bá ya, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n máa ń gbé e wá. Nígbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni, èmi kò tíì ní.

Mi ò purọ́ fún Bàbá. Lójú ara mi, ohun tí mo mọ̀ ti kú. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkòròdú ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ẹ̀rọ ló ń hun aṣọ níbẹ̀, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa rìn láàárín wọn, kí n máa ṣọ́ òwú. Òwú á já, ẹ̀rọ á dúró, màá wá ibi tó ti já, màá ta kókó, màá fi sísọ́ọ̀sì gé ìrù kókó náà mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ̀rọ á tún gbéra. Bí ìrù kókó bá gùn, á hàn lára aṣọ, ọ̀gá á sì pe orúkọ ẹni níwájú gbogbo èèyàn. Ìgbà tó yá, aṣọ òkèèrè gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ọkọ mi ti kú ṣáájú ìgbà náà. Mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì, Dámilọ́lá àti àbúrò rẹ̀, sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi nítòsí Agric, ní Ìkòròdú níbẹ̀ náà, mo sì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja yíyan l'Ọ́jà Olúwo. Bí mo bá ríṣẹ́ tó dúró, kí n wá kó àwọn ọmọ mi. Bí mi ò bá rí, àbúrò ọkọ mi á mú ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn, èkejì á lọ sábúlé. Ohun tí ìyá ọkọ mi wí nìyẹn, wọn ò sì fi ìkà sọ ọ́, agbára wọn ló mọ níbẹ̀. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n pín àwọn ọmọ mi bí ẹran Iléyá.

Ẹja ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Ariwo ẹ̀rọ ti ba ohùn mi jẹ́: ní ilé iṣẹ́, bí èèyàn ò bá pariwo, ẹnìkejì ò ní gbọ́. Bí mo bá ní "ẹ káàbọ̀", oníbàárà á rò pé ìjà ni. Ẹ̀gbọ́n mi fara dà á títí ó fi sú u, òun ló mú mi lọ bá Bàbá Jeremáyà.

Bàbá fi sùúrù kọ́ mi. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ àwọ̀n, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń wé okùn mọ́. Wọ́n ní kí n gbà á lókè, kí n yí i lẹ́yìn, kí n fà á wálẹ̀. Bí mo ṣe ń ronú sí i tó ni okùn ń lọ́ mọ́ mi níka. Àwọn apẹja tó ń kọjá á wò mí, wọn á rẹ́rìn-ín pé obìnrin ló ń tún àwọ̀n ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ń kọjá lọ, mo yíjú láti kí i. Okùn tó já wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó yíjú padà, mo ti ta á ní kókó láìwò ó. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Ta ló kọ́ ẹ nìyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a ṣe ń ta á nílé iṣẹ́ aṣọ ni."

Wọ́n yẹ kókó náà wò, wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́. "Kókó àwọ̀n nìyí. Òun náà ni mo ti ń kọ́ ẹ láti ọjọ́ yìí. O sì ní o ò mọ nǹkan kan."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà náà ni orí mi wú. Nígbà tí Sùnkànmí, apẹja kan láti abúlé orí omi, gbé àwọ̀n rẹ̀ dé, tó sì ń kùn pé òun ò fẹ́ ọwọ́ obìnrin níbẹ̀, Bàbá ló dúró fún mi. Mo tún un ṣe, mo gé gbogbo ìrù kókó mọ́lẹ̀, ó dán bí àwọ̀n tuntun. Mo gbé e fún un tẹ̀rín tẹ̀rín.

Ó dá a padà ní ọjọ́ kejì. Kókó ti tú, ihò ti là.

"Màmá Dámi, àwọ̀n yín rẹwà," ló wí. "Ẹja náà wò ó títí, wọ́n sì kọjá."

Bàbá ò bá mi wí. Wọ́n kàn sọ pé àwọn ti fi ẹnu àwọn dúró, àti pé bí èyí bá tún tú, kí n padà sídìí ẹja. Ojú tì mí gan-an. Ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi.

Mo mú okùn nílọ́ọ̀nù tó tú yẹn, mo fi ọwọ́ ra á. Òwú aṣọ ní irun lára, ara wọn ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. Nílọ́ọ̀nù ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Nílé iṣẹ́, iṣẹ́ kókó ni kó fara pamọ́. Nínú omi, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dì mú. Ọwọ́ mi mọ kókó lóòótọ́, sísọ́ọ̀sì mi ni kò mọ̀ pé a ti kúrò ní Ìkòròdú.

Mo bẹ Sùnkànmí títí ó fi gbé àwọ̀n náà sílẹ̀. Mo ta gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun, mo fà á títí ó fi dún, mo tún ta á lé ara rẹ̀, mo sì fi ìrù sílẹ̀ fún un. Kò rẹwà rárá.

Sùnkànmí rì í bọmi láti dán an wò. Ó fún apẹja kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní apá kan mú, òun mú apá kejì, wọ́n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, wọ́n ń fà á. Lójijì, nǹkan dún pọ̀ọ́. Mo gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mi ò lè wò ó.

Bàbá ló bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Okùn àtijọ́ ló já," ni wọ́n wí. "Kókó wà níbẹ̀."

Sùnkànmí wò ó pẹ́. Ó wá jókòó sí etí ọkọ̀ rẹ̀.

"Màmá Dámi, ẹ mú abẹ́rẹ́ yín. Ẹ bá mi di ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já yìí, kí n tètè bọ́ sómi."

Mo bá a dì í. Nígbà tí mo dé Agric láti kó àwọn ọmọ mi, ìyá ọkọ mi béèrè irú iṣẹ́ tí mo rí. Mo ní iṣẹ́ mi àtijọ́ náà ni. Wọ́n ní ṣé wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ aṣọ padà ni. Mo ní rárá o, èmi ni mo gbé iṣẹ́ náà dání jáde lọ́jọ́ tí wọ́n tì í, tí mi ò sì mọ̀. Wọ́n ń wò mí, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé wọn, Dámilọ́lá ti gbé ẹrù òun àti àbúrò rẹ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà.